Wọ́n Ní Kí Ẹ Wá Yọ Ilé Ọmọ Nítorí Èsì Àyẹ̀wò: Ìtọ́sọ́nà fún Obìnrin Ìkòròdú

Ìwé pap smear (àyẹ̀wò sẹ́ẹ̀lì ẹnu ilé ọmọ) kan ṣoṣo kò tó ìdí láti yọ ilé ọmọ obìnrin. Bí wọ́n bá kọ "abnormal" sórí rẹ̀, tàbí tí àyẹ̀wò kòkòrò HPV bá jáde ní "positive", ohun tó ń wí ni pé kí dókítà lọ wo ẹnu ilé ọmọ fínnífínní. Kò tíì sọ ohun tó wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò méjì ló yẹ kó wà láàárín ìwé yẹn àti tábìlì iṣẹ́ abẹ: colposcopy, tí wọ́n ń fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ẹnu ilé ọmọ, àti biopsy, tí wọ́n ń gé ẹran bíńtín níbẹ̀ lọ sí láàbù.

Ẹni tó bá fo méjèèjì lè yọ ilé ọmọ ẹni tí ìtọ́jú ogún ìṣẹ́jú ì bá tó fún. Èyí tó tún burú jù ni kí jẹjẹrẹ ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Bí wọ́n bá ń yọ ilé ọmọ lásán, ẹ̀bá ẹnu ilé ọmọ gan-an ni ọ̀bẹ ń gbà. Bí jẹjẹrẹ bá ti wọlé, ibi tí wọn yóò gé gbọ́dọ̀ gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kó jẹ́ ìtànṣán ni wọn yóò lò. Tí wọ́n bá ti fi iṣẹ́ kékeré bẹ̀rẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ máa ń le gan-an. Nítorí náà, bí wọ́n bá dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún yín tí kò sí èsì biopsy nílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n dúró ná. Kì í ṣe ìwà àfojúdi.

Ohun tí àwọn lẹ́tà inú èsì ń sọ

Lẹ́tà tó ń jáde láti inú pap smear yàtọ̀ sí èyí tó ń jáde láti inú biopsy. ASC-US, LSIL, HSIL àti AGC, ti pap smear ni, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbá lójú ẹnu ilé ọmọ. ASC-US ni pé sẹ́ẹ̀lì yí díẹ̀, láàbù kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìdí rẹ̀. LSIL jẹ́ ìyípadà kékeré, HSIL jẹ́ èyí tó wúwo. AGC kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fojú kékeré wò ó, torí ó lè wá láti inú ihò ẹnu ilé ọmọ tàbí láti inú ilé ọmọ fúnra rẹ̀. Obìnrin tó ti tó ọmọ ọdún 35 tó ní AGC yóò ṣe àyẹ̀wò inú ilé ọmọ mọ́ ọn.

CIN 1, CIN 2, CIN 3 àti AIS (sẹ́ẹ̀lì inú ihò ẹnu ilé ọmọ tó ti yí, tí kò tíì di jẹjẹrẹ), ti ẹran tí wọ́n gé ni. Ìwọ̀nyí la fi ń pinnu ìtọ́jú. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ìpele kan fún yín, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: "Ṣé smear ló sọ ọ́ àbí biopsy?"

CIN kì í ṣe jẹjẹrẹ. Sẹ́ẹ̀lì tó ti yí ni, tó ṣì wà lójú ẹran, tí kò tíì wọ inú lọ. CIN 1 máa ń lọ fúnra rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ obìnrin láàárín ọdún méjì. CIN 3 ni kò ṣeé fi ṣeré: ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní New Zealand fi hàn pé nínú 100 obìnrin tí wọn kò tọ́jú CIN 3 wọn dáadáa, nǹkan bí 30 ló ní jẹjẹrẹ láàárín 30 ọdún. Nínú àwọn tó rí ìtọ́jú tó péye, kò tó ẹyọ kan nínú 100. Ẹ wo iye ọdún tó wà níbẹ̀ dáadáa. Àyè wà láti ṣe nǹkan létòlétò. Ohun tí kò sí àyè fún ni kí a ki ìwé bọ àpótí kí a gbàgbé rẹ̀.

HPV ló ń fa ìyípadà yìí. Irú 16 àti 18 nìkan ló wà nídìí nǹkan bí 70 nínú 100 jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti bá ẹlòmíràn lò pọ̀ ló ti ní HPV rí, ara sì máa ń lé e lọ láàárín ọdún kan sí méjì. Ó lè sùn sára fún ọdún púpọ̀ kó tó hàn. Nítorí èyí, èsì HPV kò lè sọ ẹni tó kó o wálé tàbí ìgbà tó wọlé, ẹ má sì jẹ́ kó di ìjà láàárín tọkọtaya. Ẹni tó ní HIV ni ara rẹ̀ kì í tètè lé e lọ, kó máa lo oògùn rẹ̀ déédéé, kó sì sọ fún dókítà, torí àyẹ̀wò rẹ̀ ní láti súnmọ́ra ju ti ẹlòmíràn lọ.

Tí èsì bá kàn kọ "inflammation", ìyẹn ni pé ibẹ̀ ń bínú, ó lè jẹ́ àrùn ojú ara. Kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì tún smear ṣe lẹ́yìn náà.

Gbígba lẹ́tà, àti ọ̀nà tí ẹ ó gbà

Ẹ mú èsì yín lọ sí General Hospital Ìkòròdú, ẹ̀ka àwọn dókítà obìnrin, kí ẹ gba lẹ́tà tí yóò gbé yín lọ síwájú bí wọn kò bá ní ṣe colposcopy fún yín níbẹ̀. LASUTH ní Ìkẹjà àti LUTH ní Ìdí-Àràbà ni ilé ìwòsàn ńlá tó sábà máa ń gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Fún LASUTH, bọ́ọ̀sì BRT láti Ìkòròdú yóò gbé yín gba Mile 12, Kẹtu àti Òjòtá dé Maryland, ẹ ó sì wọ ọkọ̀ Ìkẹjà níbẹ̀. Fún LUTH, ẹ tẹ̀síwájú lójú ọ̀nà Ìkòròdú títí dé apá Ojúẹlẹ́gba. Ẹ kúrò nílé ní kùtùkùtù, torí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 12 kò mọ̀ pé ẹ ní àdéhùn. Kí ẹ tó gba ọjọ́, ẹ tún béèrè ọjọ́ tí Orò máa jáde ní ìlú, kí àdéhùn yín má baà bọ́ sí ọjọ́ tí obìnrin kì í jáde.

Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo èsì ní mẹ́ta, kí ẹ sì ya fọ́tò wọn sórí fóònù. Fáìlì máa ń sọnù nílé ìwòsàn. Bí ẹ bá ní káàdì Ìlera Èkó (ìdójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Èkó) tàbí ti ilé iṣẹ́, ẹ béèrè ohun tó bò àti ohun tí kò bò kí ẹ tó sanwó ohunkóhun, kí ẹ béèrè ti láàbù lọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni owó máa ń yọ lójijì.

Ọjọ́ colposcopy

Ẹ má lọ nígbà tí nǹkan oṣù ń jáde gidi. Ní wákàtí 48 ṣáájú, kò gbọdọ̀ sí ìbálòpọ̀, kò sí oògùn tí a ń tì sí ojú ara, kò sí fífi ọṣẹ tàbí omi gbígbóná fọ inú rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá lóyún tàbí tí ẹ bá ń lo oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn.

Wọ́n á ti irin sí ojú ara láti là á bí ìgbà smear, wọ́n á sì fi acetic acid, irú omi kíkan tó wà nínú vinegar, pa ẹnu ilé ọmọ. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 3 sí 5 nínú 100. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan, ibi tó ti yí yóò funfun. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti gé ẹran tí kò ju mìlímítà 2 sí 3 lọ. Ó máa ń já ni jẹ bí ìnira nǹkan oṣù, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì lè jáde fún ọjọ́ mélòó kan.

Ohun kan wà tí àwọn obìnrin tó ti dẹ́kun nǹkan oṣù gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí ọjọ́ orí bá ti ga, ibi tí ìyípadà ti ń bẹ̀rẹ̀ máa ń fà wọ inú ihò ẹnu ilé ọmọ, awò kò sì ní rí i. Bí dókítà bá ní "a kò rí gbogbo rẹ̀", kò tó kí ó sọ pé kò sí nǹkan. Kí wọ́n ha inú ihò náà fún àyẹ̀wò, tàbí kí wọ́n gé ẹnu ilé ọmọ bí òkòtó, èyí tí wọ́n ń pè ní cone.

Lẹ́yìn biopsy: ta ni kò nílò kí wọ́n yọ ilé ọmọ?

Ọ̀pọ̀ jù lọ. CIN 1 kì í sábà nílò ìtọ́jú kankan. Ẹ padà wá fún àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù 12. CIN 2 àti CIN 3, LEEP ló sábà máa ń tó: wọ́n á gún abẹ́rẹ́ sí ẹnu ilé ọmọ kó kú, wọ́n á sì fi wáyà róbótó tí iná ń gbà kọjá bẹ́ ibi tó yí kúrò. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ó lọ sílé lọ́jọ́ náà. Bí ibi tó yí bá kéré, tó hàn kedere, tí kò sì wọ inú ihò, wọ́n lè fi irin gbígbóná sun ún dípò kí wọ́n bẹ́ ẹ. Àbùkù sísun ni pé kò sí ẹran tí láàbù yóò tún wò, nítorí náà kò tọ́ níbi tí ìfura jẹjẹrẹ bá wà. Lẹ́yìn LEEP, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè máa jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò sí ìbálòpọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ lè lóyún lẹ́yìn LEEP. Oyún lè fẹ́ wá ṣáájú àkókò díẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, pàápàá tí wọ́n bá gé jìn, nítorí náà kí ó sọ ọ́ níbi tí ó bá ti fẹ́ gba káàdì oyún.

Nínú èsì LEEP, ẹ wá ọ̀rọ̀ "margin". "Negative" tàbí "clear" túmọ̀ sí pé etí ẹran tí wọ́n gé mọ́. "Positive" ni pé ìyípadà dé etí, ó sì ṣeé ṣe kó kù sílẹ̀. Kì í ṣe pé ilé ọmọ gbọ́dọ̀ jáde lójú ẹsẹ̀. Àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí LEEP kejì lè tó.

Ta ni yíyọ ilé ọmọ tọ́ sí?

Ìdí tó múná wà. AIS wà, lára obìnrin tó ti bímọ tán: ìyípadà yìí máa ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn nínú ihò, tí etí ẹran bá tilẹ̀ mọ́, òmíràn lè wà lókè. Kí wọ́n kọ́kọ́ gé cone, kí wọ́n rí i dájú pé kò tíì di jẹjẹrẹ, kí wọ́n tó yọ ilé ọmọ. CIN 2 tàbí 3 tó padà wá lẹ́yìn LEEP wà, tàbí èyí tí margin rẹ̀ kò mọ́ tí ẹnu ilé ọmọ tó ṣẹ́kù sì ti kúrú jù láti tún gé. Àwọn kan sì ní CIN pẹ̀lú fibroid tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ya tàbí ilé ọmọ tó ti ń sọ̀ kalẹ̀, tí iṣẹ́ kan yóò yanjú méjèèjì. Jẹjẹrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí kò jìn ju mìlímítà 3 lọ, tí wọ́n ń pè ní IA1, náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó ti bímọ tán.

Bí jẹjẹrẹ bá ju ìyẹn lọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Èyí tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, tí kò tíì kúrò ní ẹnu ilé ọmọ, oníṣẹ́ abẹ tó gba ẹ̀kọ́ jẹjẹrẹ obìnrin ló yẹ kó fọwọ́ kàn án, nítorí iṣẹ́ abẹ gbígbòòrò ni ó sábà máa ń jẹ́, wọ́n sì ń yọ àwọn kókó inú ìbàdí (lymph nodes) pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ní ihò kéékèèké ni àwọn yóò gbà ṣe é, ẹ béèrè ìdí: ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2018 rí i pé jẹjẹrẹ padà wá lára àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ju àwọn tí wọ́n la ikùn wọn lọ. Jẹjẹrẹ tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ tàbí tó ti tàn, ìtànṣán pẹ̀lú oògùn cisplatin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀. NSIA-LUTH Cancer Centre, tó wà nínú LUTH láti 2019, ń ṣe ìtọ́jú ìtànṣán. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni la ikùn yín "kí a kọ́kọ́ yọ ọ́ ná" ní irú ipò yìí.

Ohun tó yẹ kí ẹ yanjú kí ẹ tó buwọ́ lùwé

Kí wọ́n kọ "total" sórí ìwé. Irú iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n ń fi ẹnu ilé ọmọ sílẹ̀ tí wọ́n ń yọ ara ilé ọmọ nìkan, "subtotal". Fún fibroid, ó ṣeé gbọ́. Fún CIN, àṣìṣe pátápátá ni, nítorí ibi tó ní àrùn gan-an ni wọ́n fi sílẹ̀.

Èkejì ni ilé ẹyin. CIN kò kan ilé ẹyin rárá. Bí ẹ kò bá tíì tó ọdún 50 tí ilé ẹyin yín sì dára, ìbéèrè yín ni: "Dókítà, kí ni ìdí tí ẹ fi fẹ́ yọ ọ́?" Bí wọ́n bá yọ méjèèjì kí nǹkan oṣù tó dá fúnra rẹ̀, ooru ara, òógùn òru, gbígbẹ ojú ara àti àìrí oorun sùn lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, egungun yóò sì tètè fúyẹ́. Kí wọ́n ti bá yín sọ̀rọ̀ nípa oògùn tí yóò rọ́pò rẹ̀ kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Túùbù méjèèjì ní tirẹ̀ lè bá ilé ọmọ lọ láìsí ìpalára, nítorí pé yíyọ rẹ̀ ń dín ewu jẹjẹrẹ ilé ẹyin kù.

Ìfọwọ́sí jẹ́ ti ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ilé ìwòsàn sábà máa ń fẹ́ kí ọkọ tàbí mọ̀lẹ́bí fọwọ́ sí i pẹ̀lú, ó sì dára kí ilé gbọ́, ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ara yín ṣáájú yín. Ẹ mú ẹni kan tó lè kọ nǹkan sílẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ọ̀rọ̀ tí wọn yóò sọ nílé kò ní ṣàì wáyé. Àwọn ìyá àgbà kan á ní ẹni tí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ láyé yìí, àgàn ni yóò tún wá. Àwọn mìíràn á ní inú rẹ̀ yóò ṣófo, tàbí pé ọkọ kò ní gbádùn rẹ̀ mọ́. Ti ayé àtúnwá kò sí lọ́wọ́ dókítà láti dáhùn. Ẹ jẹ́ kí àgbà ilé tí ẹ gbà gbọ́, tàbí àlùfáà yín, bá yín sọ ọ́ kí ọjọ́ tó pé. Èyí tó kù ní ìdáhùn: ìfun ni yóò gba àyè tí ilé ọmọ wà, ojú ara wà níbẹ̀, ìdùnnú sì wà níbẹ̀. Nǹkan oṣù àti oyún ló parí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú

Ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ dókítà fẹ́ kí PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa) tó 30 kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe pàjáwìrì. Bí tiyín bá kéré, oògùn irin tí dókítà kọ, ẹ̀dọ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ lè gbé e sókè láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ má fi tíì tàbí mílíìkì gbé oògùn irin mì, torí wọn kì í jẹ́ kó wọ ara. Omi ọsàn ló dára. Ẹ wá ènìyàn méjì tó lè fún yín lẹ́jẹ̀, kí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò wọn ṣáájú. Alẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ kọ́ ni a ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri Ìkẹjà.

Àwọn àyẹ̀wò tó kù ni genotype, irú ẹ̀jẹ̀, HIV, hepatitis B àti C, ṣúgà, kíndìnrín, àyẹ̀wò oyún fún ẹni tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, scan, àti ECG (àyẹ̀wò ọkàn) fún àgbàlagbà tàbí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá kọjá 180/110, wọ́n lè sún ọjọ́ síwájú.

Àgbo, ẹ dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, gbogbo rẹ̀ pátá, títí kan èyí tí ẹ̀yin ń pè ní ti ibà lásán. Àwọn kan ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, àwọn kan ń bá oògùn oorun iṣẹ́ abẹ jà. Aspirin àti oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, dókítà ni yóò sọ ìgbà tí ẹ ó dá a dúró.

Ilé náà gba ìmúra. Ẹni tó ń sùn lórí ẹní kò ní lè dìde, ẹ yá bẹ́ẹ̀dì. Bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín bá jẹ́ èyí tí a ń lóṣòó sí, ẹ wá àga tí wọ́n gé ihò sí. Ẹ gbé sítóòfù sórí tábìlì. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin, nítorí ìwọ̀n tí ẹ lè gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò ju ìyẹn lọ.

Alẹ́ tó ṣáájú àti òwúrọ̀ iṣẹ́ abẹ

Ẹ wẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹ má fi réésà fá irun abẹ́ nílé. Gígé wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí ni kòkòrò ń gbà wọlé, bí ó bá pọn dandan wọ́n á gé e ní ilé ìwòsàn. Ẹ nu àwọ̀ èékánná kúrò, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń ka atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì yọ èékánná àgbélẹ̀mọ́, irun tó ní irin, eyín àtọwọ́dá, òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Iná tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró nínú tíátà lè jó ara níbi tí irin bá wà.

Wákàtí mẹ́fà ṣáájú, oúnjẹ dópin, ẹ̀kọ àti tíì onímílíìkì wà nínú oúnjẹ. Omi lásán lè máa lọ títí di wákàtí méjì ṣáájú, àyàfi tí wọ́n bá sọ ohun mìíràn. Ẹni tó bá jẹun ní bòókẹ́lẹ́ lè pọ oúnjẹ náà sínú ẹ̀dọ̀fóró lójú oorun, ó sì lè pa á.

Nínú báàgì: páàdì nínípọn páálí méjì, pátá òwú tó ga ju ojú egbò lọ, bùbá àti ìró tó fẹ̀, sálúbàtà pẹlẹbẹ, oògùn tí ẹ ń lò, ẹ̀dà èsì, ṣájà.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tàbí oorun pátápátá ni wọ́n lè lò. Iṣẹ́ náà sábà máa ń gba wákàtí kan sí mẹ́ta. Ẹ ó jí pẹ̀lú omi lọ́wọ́ àti páìpù ìtọ̀. Tí iṣẹ́ bá lọ déédéé páìpù yìí máa ń jáde ní bí ọjọ́ kejì.

Ẹran tí wọ́n yọ: ẹ má jẹ́ kó sọnù

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣìnà. Ilé ọmọ tí wọ́n yọ gbọ́dọ̀ lọ sí láàbù, torí òun ni yóò sọ bóyá CIN nìkan ni tàbí jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀, àti bóyá etí mọ́. Níbi tó jẹ́ pé mọ̀lẹ́bí ni yóò gbé e lọ, kí ẹni náà béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tíátà bóyá fọ́málíìnì ló wà nínú ike. Omi lásán tàbí omi díríìpù yóò jẹ́ kó jẹrà. Fọ́málíìnì náà gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ẹran lọ ní ìlọ́po bí mẹ́wàá. Kí ike fẹ̀, kí ẹran má há. Orúkọ, ọjọ́ orí, nọ́ńbà fáìlì àti ọjọ́ gbọ́dọ̀ wà lára ike fúnra rẹ̀, kì í ṣe lórí ìdérí tó lè yí pẹ̀lú ti ẹlòmíràn. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ má gbé e sínú fíríìsà, ẹ má gbé e lọ sílé kí ó di ọjọ́ Ajé. Bí ẹnìkan nínú ilé bá sì fẹ́ kí wọ́n sin ín, kí ó bá ilé ìwòsàn sọ ọ́ ṣáájú, kí láàbù parí tiwọn ná.

Nílé ìwòsàn àti ọ̀nà ilé

Kí ẹ dìde rìn láàárín wákàtí 24, bó ti wù kó ro tó. Ìdùbúlẹ̀ ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí ẹsẹ̀. Kí ẹ tó lè dìde, ẹ máa yí ọrùn ẹsẹ̀, kí ẹ sì mí kanlẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ wúkọ́, ẹ fi ìrọ̀rí tẹ ikùn. Paracetamol, gíráàmù kan ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, kò gbọ́dọ̀ kọjá tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ ti 500 mg ní ọjọ́ kan, kí ẹ sì ka ẹ̀yìn oògùn òtútù àti ara ríro mìíràn, torí paracetamol sábà máa ń wà nínú wọn.

Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń lò tí wọ́n bá la ikùn. Ẹ gba ọkọ̀ tó dúró dáadáa padà sí Ìkòròdú. Kò sí ọ̀kadà, kò sí kẹ̀kẹ́ Márúwá nínú kòtò Igbógbó tàbí Ìjẹ̀dẹ̀, kò sí ọkọ̀ ojú omi tó ń fò lórí ìgbì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nílé

Kì í ṣe ìbímọ lẹ ṣe. A ń sọ èyí nítorí àwọn ìyá wa: kí wọ́n má fi tówẹ́ẹ̀lì gbígbóná tẹ ikùn, kí wọ́n má gbé yín jókòó lé omi gbígbóná, kí wọ́n má fún yín ní àgbo "láti fọ inú". Òwú tí wọ́n fi rán òkè ojú ara wà nínú, ó lè tú. Egbò ikùn, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 48, lẹ́yìn náà ẹ lè wẹ̀, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Kò sí iyẹ̀fun, kò sí òróró.

Iyán gígún, fífa omi kànga, gàrí yíyan àti ẹrù orí dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìbálòpọ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, títí dókítà yóò fi wo ojú òwú. Ìgbẹ́ gbígbẹ ń fa òwú, nítorí náà ìbẹ́pẹ, ẹ̀fọ́ àti omi púpọ̀. Ìkọ́kọrẹ́ rọ̀, ó dára ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ata rẹ̀ kàn má pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí omi pupa díẹ̀ lè máa jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, òru tàbí ọ̀sán, tí:
- páàdì kan bá rẹ gbindin láàárín wákàtí kan, tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń dì wá
- ara bá gbóná dé 38 sókè, tàbí omi olóòórùn bá ń jáde
- ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń dun ní ẹ̀yìn ojúgun, tàbí mímí bá ṣòro lójijì. Èyí kò ní dúró de òwúrọ̀
- ìtọ̀ bá ń jò láti ojú ara láìdúró, pàápàá láàárín ọjọ́ 7 sí 14. Ihò lè ti wà láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara, ó sì ṣeé tọ́jú, kì í ṣe ohun ìtìjú tí a ń fi pamọ́
- ìtọ̀ kò bá jáde, tàbí ikùn bá wú pẹ̀lú èébì
- egbò bá là, tàbí ohun kan bá yọ ní ojú ara lẹ́yìn ìbálòpọ̀

Èsì ìkẹyìn àti àyẹ̀wò tó kù

Ẹ padà lọ gba èsì láàbù fúnra yín, kí ẹ má dúró kí ẹnikẹ́ni pè yín. Bí ó bá kọ jẹjẹrẹ tí a kò retí, lẹ́tà oníṣègùn jẹjẹrẹ ni kí ẹ gbà ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kí ẹ sì béèrè fún block láti láàbù, ìyẹn ẹran tí wọ́n ti fi sínú epo dídì, kí ilé ìwòsàn kejì lè wò ó láìtún gé yín.

Bí CIN 2, CIN 3 tàbí AIS bá ni ìdí iṣẹ́ abẹ, àyẹ̀wò kò parí. HPV lè ṣì wà lára awọ ojú ara, ó sì lè fa irú ìyípadà kan náà níbẹ̀. Ìlànà Amẹ́ríkà ni àyẹ̀wò lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta fún ọdún 25. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrú púpọ̀ bí etí ẹran bá mọ́. Kí dókítà yín kọ èyí tó fẹ́ kí ẹ tẹ̀ lé sórí ìwé ìdásílẹ̀ yín.

Nígbà tí ẹ bá lọ, nọ́ọ̀sì tó bá gbọ́ pé kò sí ilé ọmọ mọ́ lè ní kí ẹ máa lọ sílé, pé kò sí ohun tí òun fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹ fi ìwé hàn án, kí ẹ ní: "Nọ́ọ̀sì, CIN 3 ni wọ́n tìtorí rẹ̀ yọ ọ́. Òkè ojú ara, níbi tí wọ́n rán, ni kí ẹ bá mi gbá."